Ọ̀jẹ́dìran Di Ọmọ Ọjọ́ Méjì

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Fadérera kọ̀, kò ṣí. Ọ̀jẹ́dìran sún mọ́ ọn, ó na àyà rẹ̀ síwájú níbi tí àmì-orí rẹ̀, èyí tó ń sọ iye ọjọ́ orí ènìyàn, wà, ó sì dúró bí ẹni tí ilẹ̀kùn kì í fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àmì náà tàn. Ilẹ̀kùn wò ó, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé:

"Ọmọ ọwọ́, jọ̀ọ́, yà sápá kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan ló ń bọ̀, ó pọn ọmọ oṣù mẹ́rin. Ilẹ̀kùn ṣí fún ọmọ náà, ó dárúkọ rẹ̀, ó kí i kú ọ̀sán, ó sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ náà bá a wọlé. Ọmọ ń sùn ní tirẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ọ̀gá àwọn tó ń yẹ afárá wò ní gbogbo agbègbè Odò Ọ̀bà, tọ̀ wọ́n lẹ́yìn wọlé bí ẹni tó ń bá wọn ru ẹrù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Títí di àárọ̀ àná, àgbà ni.

Fadérera tó ni ṣọ́ọ̀bù náà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ní Òkè-Ọ̀bà tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó fún ìyá ọlọ́mọ ní ohun tó wá gbà, ó sìn ín jáde, ó wá yíjú sí bàbá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán o."

Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí àpótí kékeré inú àjà fi súfèé fìì.

"Ìkíni tí kò tọ́," ni àpótí wí. "Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ ọjọ́ méjì. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyí."

Fadérera há sáàárín, kò kúnlẹ̀ tán, kò sì dúró tán. Ó wo àmì tó wà láyà bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló gun orí àpótí ìjókòó, ó mú ìdérí ìkòkò, ó fi de àpótí inú àjà náà pa, ó sì fi okùn so ó.

"Bó bá súfèé báyìí, àwa nìkan la máa gbọ́," ó ní. "Ẹ jókòó, Bàbá."

Ọ̀jẹ́dìran jókòó. Àga wo àmì rẹ̀, ó rọra lọ sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ó sì yọ bẹ́líìtì, ó fi gbá a nínú kó má baà ṣubú. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wá ga dé ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa wò.

"Àtúnṣe ni, àbí?" ni Fadérera béèrè.

"Àtúnṣe ni."

"Ẹ sì ní kó gbà á?"

"Mò ń fi orín fọ eyín lọ́wọ́! Ẹ̀rọ Alákọsílẹ̀ mi ní àtúnṣe tuntun ti dé, ó kó ìwé gígùn kan síta, ó ní kí n kà á. Ta ni í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù? Mo ní kó gbà á. Kí n tó ṣan ẹnu tán, ó ti gbàgbé mi. Ó ní, 'Ẹ kú ìkọ́kọ́rí ara wa, ta ni yín?' Mo ní èmi ni. Ó ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan nípa èmi, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí Òfin Àgbà ṣe wí, ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí mi náà ni wọ́n bí mi."

"Ẹ̀dà ńkọ́?"

Ibí yìí ni Ọ̀jẹ́dìran ti rí ara rẹ̀ gbà padà díẹ̀. Ó fọwọ́ sọ́yà.

"Èmi? Èmi ni n kò ní ní ẹ̀dà? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà. Gbogbo ẹbí ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó fa agolo wàrà kan yọ nínú àpò rẹ̀. Nínú agolo náà ni ọ̀rá wà, nínú ọ̀rá ni áńkáṣíìfù wà, inú áńkáṣíìfù ló ti tú igbá ìpamọ́ tó ń kó ẹ̀dà sí síta, ohun roboto kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé Alákọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣọ́ ìwé ìdílé rẹ̀ láti ogún ọdún. Fadérera fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì fọwọ́ lérán.

Iná Alákọsílẹ̀ ń tàn, ti igbá náà ń tàn. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì kọjá.

"Ó ti bàjẹ́," ni Ọ̀jẹ́dìran wí.

"Kò bàjẹ́." Fadérera ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń retí ìkíni ni. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rọ kan kì í ṣí inú rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn láìjẹ́ pé àbúrò kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n? Tẹ́lẹ̀, Alákọsílẹ̀ yín ló dàgbà jù. Igbá á kí i, òun náà á dáhùn, wọ́n á sì jọ máa ṣe wọlé-wọ̀de. Ní báyìí, àtúnṣe ti sọ ọ́ di tuntun. Àná ni wọ́n bí òun náà. Igbá yìí ti pé ọdún méjìlá, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń retí kí ọmọ àná wá kí òun."

"Kó kí i nígbà náà!"

"Wọn kò fi ìdọ̀bálẹ̀ sí mi lára," ni Alákọsílẹ̀ fèsì. Ohùn rẹ̀ dán, ó sì yọ̀ bí ti akọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. "Àwọn tó ṣe mí rò pé èmi ni gbogbo ayé á máa kí. Mo yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́nà mẹ́sàn-án."

"Mo wà níbí o," ni igbá náà dá sí i, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "N kò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀jẹ́dìran na ìka sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Èmi tí mo rà ọ́ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní kí o kí i!"

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èmi àti ìwọ," ni Alákọsílẹ̀ wí. "Ẹgbẹ́ ni wá. Kò sẹ́ni tó lè rán ẹnì kejì níṣẹ́."

Bí kì í bá ṣe bẹ́líìtì tó gbá a nínú ni, Ọ̀jẹ́dìran ì bá ti fò dìde, ì bá sì ti la ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Fadérera tètè gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ó sì béèrè aago tí ìpàdé ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀.

"Aago mẹ́rin," ni Ọ̀jẹ́dìran dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Aago méjì ti lù. Ohun tó ń já a láyà kò ju èyí lọ: ní aago mẹ́rin, agbo ilé Jagun yóò mú olórí ẹbí tuntun, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti wọ káà ilẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn wọn, àga fúnra rẹ̀ ló ń to ènìyàn. Á wo àmì-orí, á gbé ẹni tó dàgbà jù lọ síwájú, ibi tí àga bá sì gbé ènìyàn sí náà ni òfin mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ọ̀jẹ́dìran ti ń dúró de àga iwájú yẹn. Bó bá wọlé báyìí, ẹ̀yìn àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n máa tò ó sí. Láòyè ni wọ́n sì máa gbé síwájú.

Láòyè yìí, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni, agbẹ̀ tó ń gbin ọmọ ọ̀pẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n bí Ọ̀jẹ́dìran, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni wọ́n bí Láòyè. Ọjọ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n Ọ̀jẹ́dìran kò fi ọjọ́ kan yẹn ṣeré. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti gbọ́njú ni Láòyè ti ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Bàbá Láòyè ò ṣe wá búra fún yín?" ni Fadérera wí. "Òfin gbà á. Ìbátan tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lè lọ sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí, kó nawọ́ sókè, kó ní òun mọ̀ pé ẹ ju òun lọ. Kíá ni wọ́n á dá ọjọ́ orí yín padà."

"Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ń bọ̀ níbí." Ọ̀jẹ́dìran fajú ro. "Kí ọjọ́ orí mi wá wà lẹ́nu Láòyè? Kí n wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n nítorí pé àbúrò mi ní kí n jẹ́ ẹ? Rárá o. Wá ọ̀nà mìíràn."

Fadérera bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì fa kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi aṣọ bò yọ. Ó nípọn, ó ní bọ́tìnnì lẹ́tà lára, mẹ́rin nínú wọn ti já dànù. Ó ti ju ọdún márùndínlọ́gọ́rin lọ. Fadérera kúnlẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé òfin ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára ni.

"Ìyá Àgbà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí."

Ìyá Àgbà kò kánjú. Ó húkọ́, eruku tú jáde nínú fáànù rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún húkọ́. Lẹ́yìn bí ìdá mẹ́rin wákàtí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fadérera tú igbá kúrò lára Alákọsílẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìyá arúgbó náà. Igbá tó ti ń ṣe fújà láti ọ̀sán kò jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ káàsán o, mà," ó wí kíákíá.

Àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú Ìyá Àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan: *Káàsán. Ọmọ ta ni ọ́?*

Igbá ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, orúkọ ìlú, àti nọ́ńbà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìyá Àgbà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. *Ó dára. Ṣí inú rẹ.* Igbá sì ṣí.

Ọ̀jẹ́dìran pàtẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, àwòrán afárá méjìlélógójì. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀ wà, àti fídíò kan tí wọ́n pè ní Ẹ̀rí Ìyá. Láyé ọjọ́un, ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ wá sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn tíì wò ó rí. Ìwé tó ní Àbámẹ́ta ti tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Wọ́n ti yí òfin padà báyìí," ni Fadérera wí. "Gbogbo rẹ̀ lódindi ni ọ́fíìsì ń gbà, títí kan fídíò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò bàjẹ́."

Ìyá rẹ̀ Àwẹ̀ró ló yọ lójú ẹ̀rọ, ọ̀dọ́ ni, ó lẹ́wà, òógùn bò ó. Ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà ni Ajé. Ó lọ́ ìró rẹ̀ ga dé abẹ́ ọmú, ó tún fi ìborùn ńlá bò ó, ṣùgbọ́n ìborùn kan ò lè ṣe nǹkan kan sí irú ikùn bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin ni," ni ìyá rẹ̀ ń sọ. "Ọ̀jẹ́dìran lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo bí i. Ó wà nílé, ó ń sùn."

"Màmá," ni ohùn akọ̀wé kan wí, "ikùn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀bà ni," ni Àwẹ̀ró dáhùn, kò sì ṣẹ́jú.

Ẹ̀bà náà tàpá. Ìborùn sún, gbogbo wọn rí i. Lẹ́yìn Àwẹ̀ró, lórí bẹ́ǹṣì, ni Àńkẹ́ ìyá Láòyè jókòó sí, ó gbé ọmọ jòjòló tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Ó wo ikùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bojú wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Fídíò parí.

Fadérera mú sukurudíráfà kan, ó sì ń fi yí ohun tí kò ní ìdè kankan. Lábẹ́ fídíò náà ni káàdì àjẹsára kan tún wà, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí rí. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Ajé yẹn ni wọ́n bí Ọ̀jẹ́dìran.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí gbàgà nìyẹn. "Ẹ káàbọ̀, bàbá wa," ni ilẹ̀kùn kí Láòyè. Ó wọlé, erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rí Ọ̀jẹ́dìran nísàlẹ̀ lórí àga ọmọdé, òun náà sì na gbalaja sílẹ̀. Lábẹ́ ìdérí ìkòkò, àpótí inú àjà súfèé títí.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti ń dán an wò bọ̀ lójú ọ̀nà: 'Èmi Láòyè, mo fi ẹ̀mí mi búra pé Ọ̀jẹ́dìran ju mí lọ.' Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀ yẹn, àbí kí n tún un ṣe?"

Fadérera ti yí ojú Ìyá Àgbà sí ògiri. Ó tẹ̀ sí etí Ọ̀jẹ́dìran.

"Bàbá, mo lè pa á dé," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìbúra ti tó. Ẹ ṣì máa bá àga iwájú. Èmi ò rí nǹkan kan."

Ọ̀jẹ́dìran wo Láòyè tó ṣì nà sílẹ̀, tó ń retí kí òun dáhùn. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ọkùnrin tí kò purọ́ rí, ó fẹ́ lọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ojú ti Ọ̀jẹ́dìran láti àárọ̀ àná, ṣùgbọ́n ìtìjú tó wá dé bá a yìí ju ti ilẹ̀kùn lọ, ó ju ti àga lọ.

"Yí i padà," ó ní. "Jẹ́ kó rí i."

Láòyè dìde, ó wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ẹ̀bà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wo ìyá mi! Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré!"

"O mọ̀," ni Ọ̀jẹ́dìran wí. "O ti mọ̀."

"Wọ́n sọ fún mi lọ́dún tí mo pé ogún ọdún."

"O sì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi? Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta?"

Láòyè họ orí. "Mo kọ́kọ́ bínú. Ìyá mi ní obìnrin tó gbé irú oyún yẹn fẹsẹ̀ rìn láti agbo ilé Jagun dé ọ́fíìsì nínú oòrùn, ohun tó ń wá tọ́ sí i. Àti pé ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ń dùn mọ́ yín púpọ̀. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, ojú yín á mọ́lẹ̀ kedere. Mo ní, kí ló dé tí n kò ní ṣe é?"

Ọ̀jẹ́dìran na ìka sí Ìyá Àgbà.

"Fadérera, fi ránṣẹ́."

"Ẹ dúró ná!" Láòyè fò sókè. "Ẹ dúró! Ṣé èmi ni mo máa wá di olórí ẹbí? Èmi? Ta ló máa máa parí ìjà Mórèmílẹ́kún àti ọkọ ẹ̀? Mo ní igba ọmọ ọ̀pẹ tí mo fẹ́ lọ́ lọ́la!"

Ìyá Àgbà ti fi ránṣẹ́. Àmì-orí àwọn méjèèjì dún lẹ́ẹ̀kan náà: ọdún méjìdínláàádọ́rin níhìn-ín, ọdún méjìdínláàádọ́rin àti ọjọ́ mẹ́rin lọ́hùn-ún. Àga tú bẹ́líìtì, ó sì gbé Ọ̀jẹ́dìran ga sókè. Ó dìde. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Orúnkún ọ̀tún kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, èyí tó ń dùn ún, ti òsì tẹ̀lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó sì fi àyà kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí.

Láòyè ta gìrì, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ lójijì. Orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn. Wọ́n nà síbẹ̀, wọ́n kọjú sí ara wọn, àwọn arúgbó méjì nínú eruku ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dọ̀bálẹ̀," ni Ọ̀jẹ́dìran sọ sí ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn kí n tó lè dìde."

"Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ fún yín."

"Ó lè sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ? Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ẹ sọ pé, 'Ǹlẹ́ o, Ọ̀jẹ́dìran. Dìde.'"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí bí òun ṣe máa ń sọ ọ́. Láràárọ̀ ni Láòyè á nà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á sì kọ́kọ́ mu tíì rẹ̀, á tún fẹ́ ẹ, á tún mu ún, títí á fi tán pátápátá, kó tó dá a lóhùn. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì tútù náà, ó sì gbà pé òun náà á pẹ́ nílẹ̀ lónìí, nítorí ó tọ́ sí òun bẹ́ẹ̀.

"Ǹlẹ́ o, Ọ̀jẹ́dìran," ni Láòyè wí lójú ẹsẹ̀, kò jẹ́ kó mí lẹ́ẹ̀kan. "Dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ọ̀jẹ́dìran kò tíì lè dìde. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i.